Àwọn Tó Ń Sin Èrò Sọ́nà ní Òṣòdì

Ọkọ̀ ojú irin tiwa kì í lọ síbì kan. Ohun àkọ́kọ́ tí àwọn èèyàn máa ń sọ sí wa nìyẹn. Á gbéra níbi pèpéle kékeré kan lẹ́yìn Òṣòdì, á máa rọra gba ẹ̀yìnkùlé àwọn ilé lọ sápá Ìsọlọ̀, á dé ibi tí irin pin sí láàárín koríko tí àwọn ewúrẹ́ ń jẹ, á dúró mí díẹ̀, á sì fi ẹ̀yìn rìn padà. Bí o bá ra àgbàdo sísun kí o tó wọlé, o lè má tíì jẹ ẹ́ tán tí a ó fi dé.

"Ṣé ẹ máa já mi sí Èjìgbò?" Obìnrin kan tó gbé igbá tòmátì ló bi mí bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi tí a kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀.

Mo ní, "Rárá mà, a ò dé Èjìgbò."

"Agége ńkọ́?"

"A ò dé Agége."

"Níbo lẹ wá ń lọ?"

Mo ní a máa lọ síwájú díẹ̀, a ó sì padà síbí. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ẹ fẹ́ kí n sanwó kí ẹ lè gbé mi padà síbi tí mo dúró sí." Kò bínú rárá. Ó kàn fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yé òun ni. Ó gbé igbá rẹ̀ rù, ó sì lọ wọ bọ́ọ̀sì ní Bọ́ládé.

Ìgbà owó epo ni mò ń wí yìí. Mo ti jáde ní yunifásítì ní bí ọdún mélòó kan ṣáájú, ìtàn ni mo kà níbẹ̀, iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mo sì ń ṣe ní Èkó. Yàrá kan ni mo gbà ní Ìsọlọ̀. Owó wà lóde nígbà náà lọ́nà tí n kò lè ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ mi. Ìjọba fi kún owó oṣù, gbogbo àdúgbò wá kún fún rédíò ńlá àti fáànù, àti mọ́tò tuntun tí àwọn tó rà á kò tíì mọ̀ ọ́n wà dáadáa. Àwọn ọkọ̀ òkun tó kó sìmẹ́ńtì wá tò sójú omi, wọn ò ráàyè já ẹrù. Ohunkóhun tó bá ti pẹ́ lọ́wọ́ èèyàn, ṣe ni wọ́n ń jù ú nù. Mo rí ẹni tó fi àga tí bàbá rẹ̀ gbẹ́ fúnra rẹ̀ dáná.

Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ wa yìí wà lára ohun tí wọ́n fẹ́ jù nù. Èyí tó ń lo èédú ni, dúdú, gàgàrà, tí ọmọdé kì í fẹ́ dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n wà á sórí irin ẹ̀gbẹ́ kan tó yà kúrò lára ojú irin ńlá, èyí tí wọ́n là nígbà kan fún ilé ìkẹ́rùsí tí kò sí mọ́, wọ́n fi kóòṣì èrò kan ṣoṣo sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀ de àwọn tó ń gé irin tà. Bàbá kan tó ń gbé nítòsí ojú irin ní Òṣòdì ló rí i níbẹ̀. Awakọ̀ rélùwéè ni, ó ti fẹ̀yìn tì, ẹ́ńjìnì yìí gan-an ló sì fi lo ọ̀pọ̀ ọdún láàárín Èkó àti òkè Ọya. Bàbá Awakọ̀ ni gbogbo wa ń pè é.

Ìrọ̀lẹ́ kan tí mò ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ni mo kọ́kọ́ bá a níbẹ̀, ó mú àkísà àti epo lọ́wọ́.

Mo kí i. Mo ní, "Bàbá, kí lẹ̀ ń ṣe sí i?"

"Mò ń nù ún."

"Ta ló ní kí ẹ nù ún, sà?"

"Ta ló ní kí n má nù ún?"

Mo bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ mi, mo gba àkísà kan. Bí mo ṣe wọ ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Nígbà tó yá, a di mélòó kan: èmi, Bàbá Awakọ̀, àwọn àgbàlagbà méjì tí wọ́n jọ ń da èédú síná ẹ́ńjìnì nígbà iṣẹ́ wọn, àti tíṣà kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí bàbá tirẹ̀ ti ṣiṣẹ́ rélùwéè rí. Àǹtí ni mò ń pè é, nítorí ó jù mí lọ, ó sì máa ń rán mi létí. Kò sẹ́ni tó ń gbowó nínú wa. Ọjọ́ Sátidé la fi ń ha ìpẹtà, a fi ń kun kóòṣì lọ́dà, a fi ń ro koríko kúrò lórí irin.

Bàbá Awakọ̀ kì í sọ pé òun fẹ́ràn ẹ́ńjìnì náà. Ohun tó máa ń sọ ni pé ó ti ṣiṣẹ́, kò yẹ kí wọ́n fi ayùn gé e bí ẹran. Ó lọ bá ọ̀gá tí ọ̀rọ̀ irin ẹ̀gbẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ títí tó fi rí i. Ọ̀gá náà kò kọ̀, kò sì gbà tán. Ó ní òun yóò dá àwọn tó ń gé irin dúró títí òjò á fi bẹ̀rẹ̀. Bí àwọn èèyàn bá ń wá, tí ẹ́ńjìnì náà sì ń bọ́ ara rẹ̀, òun á wá wò ó, a ó sì jọ sọ ọ́. Bí kò bá lè bọ́ ara rẹ̀, wọ́n á gbé e fún àwọn tó ń gé irin.

A bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbé èrò lọ́jọ́ Ìsinmi, ṣùgbọ́n kò lè bọ́ ara rẹ̀. Èédú ń jẹ owó, epo ń jẹ owó. A rò pé ohun tó kù kò ju kí àwọn èèyàn gbọ́ nípa wa. A jókòó, a kọ ìwé pélébé tí a ó pín kiri. Èmi ni mo kọ ọ́, Àǹtí sì tún un ṣe: ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó, bí ẹ́ńjìnì náà ṣe wúwo tó, iye omi tó ń mu. A kó o lọ sí Àjàó Estate, a kó o lọ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Òyìnbó kan tó ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfuurufú wá, ó ya fọ́tò títí, ó sì lọ. Àwọn ọmọdé wá wòran lọ́fẹ̀ẹ́. Ọkùnrin kan tí mo fún ní ìwé náà kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó sì dá a padà fún mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Ẹ ṣeun. Rélùwéè yìí náà ni mo wọ̀ dé Èkó, lórí ilẹ̀ ni mo jókòó sí," ló wí. "Mo ti ra mọ́tò báyìí. Ẹ má pè mí padà sínú ìyẹn."

Mo padà lọ bẹ onílé mi. Bàbá Onílé wá láti ìlú kan lápá Ọ̀ṣun nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó ti dàgbà gan-an nígbà tí mo ń wí yìí, kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde nílé mọ́. Mo ní kó wá bá wa gun ọkọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, kí kóòṣì má baà ṣófo. Mo ní kò ní sanwó. Ó ní kí n má fi òun wọ́lẹ̀, òun á san án.

Ní Sátidé, mo rí i tí ìyàwó rẹ̀ àgbà ń lọ agbádá rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, àpò kan ti wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti dì í.

Mo ní, "Bàbá, kí ló wà nínú àpò?"

"Aṣọ ni."

"Aṣọ kẹ̀? A ò ní pẹ́ dé, sà."

"Ṣé ọwọ́ òfo ni wọ́n fi ń wọ rélùwéè níbi tí wọ́n ti bí ọ?"

Mo gbé àpò náà. Nígbà tí a ó fi dé ìta, gbogbo ilé ti wà níbẹ̀, àwọn ìyàwó méjèèjì, àwọn ọmọ, àwọn ayálégbé, bàbá tó ń rán bàtà ní ojúlé kejì. Wọ́n ń sìn ín lọ. Ìyá Àgbà, bí a ṣe ń pe ìyàwó àgbà yẹn, ra búrẹ́dì, ẹyin sísè àti ọsàn tí wọ́n ti bó, ó fi wọ́n sínú láílọ́ọ̀nù. Nígbà tí bàbá náà jókòó tán sẹ́bàá fèrèsé, ó nà án sí i.

"Ẹ má jẹ ẹ́ tán lẹ́ẹ̀kan náà o," ló wí. "Ọ̀nà jìn."

"Mo gbọ́."

"Ẹ má sì sùn kọjá ibi tí ẹ ń lọ."

Gbogbo pèpéle rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó bẹ̀rẹ̀ àdúrà, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ṣàdúrà fún irin, ó ṣàdúrà fún iná, ó ṣàdúrà fún Bàbá Awakọ̀ tó fi fìlà rẹ̀ sábẹ́ apá, tó sì ń ṣe àmín bí ẹni tó fẹ́ dé Kánò. Fèrè dún. Wọ́n ju ọwọ́ sí i, àwọn ọmọ sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ dé ìpẹ̀kun pèpéle. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá jókòó láti dúró dè é. Wọ́n ra mínírà, wọ́n ra ẹ̀pà, oníkálukú ń ròyìn ọjọ́ tí òun kọ́kọ́ wọ rélùwéè wá sí Èkó, ẹni tó sìn ín, ohun tí onítọ̀hún sọ.

Nígbà tí ọkọ̀ fi ẹ̀yìn wọlé padà, gbogbo wọn dìde. Wọ́n gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ẹ kú àbọ̀, ẹ kú ewu ọ̀nà.

"Ṣé dáadáa lẹ bá wọn níbẹ̀?" Ìyá Àgbà ló bi í.

"Dáadáa ni. Wọ́n ní kí n kí yín."

"Àwọn ta ni?"

"Àwọn ewúrẹ́."

Inú Àǹtí kò dùn rárá lọ́jọ́ náà. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "O ò rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀? Ẹnì kan ṣoṣo ló ra tíkẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ìdílé rẹ̀ wá ń gbé lórí bẹ́ǹṣì mi." Mo ní kó má bínú. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bàbá tó ń rán bàtà ní òun náà fẹ́ rìnrìn àjò. Ó mú àwọn tirẹ̀ wá, wọ́n sì pọ̀ ju ti Bàbá Onílé lọ. Ìyá kan láti Bọ́ládé wá pẹ̀lú ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, wọ́n fi orin sìn ín wọlé, wọ́n fi orin pàdé rẹ̀. Àwọn tó wá láti ìlú kan náà ń sọ fún ara wọn. Àwọn tó ní mọ́tò wá, wọ́n gbé e sí ẹ̀bá ọ̀nà, wọ́n ń sin ìyá wọn sọ́nà nínú aṣọ olówó ńlá. Kóòṣì kò kún rí. Pèpéle ni kò gba èrò mọ́.

Bàbá Awakọ̀ ló rántí pé ní àwọn ibùdókọ̀ ńlá, wọ́n máa ń ta tíkẹ́ẹ̀tì kékeré fún ẹni tí kì í ṣe èrò, tó kàn fẹ́ dé orí pèpéle. Àǹtí kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e ló ti dúró sí ẹnu ọ̀nà pèpéle pẹ̀lú àpò aṣọ lọ́rùn, ó ń gba owó kékeré lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó wá sin èèyàn sọ́nà. Kò sẹ́ni tó jà. Inú ìyẹn la ti ń ra èédú.

Mo ti rò ó títí láti ìgbà náà. Mo rò pé a ò mọ ohun tí a ní láti tà ni. A rò pé ẹ́ńjìnì ni, irin, èéfín, ọjọ́ orí rẹ̀. Ní ìlú wa, èèyàn kì í jẹ́ kí àlejò dá jáde lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bó o bá wọ bọ́ọ̀sì ní Òṣòdì, kọ̀ǹdọ́kítọ̀ ti ń gbá ara ọkọ̀ kó o tó jókòó, kò sáyè láti sọ pé ó dìgbà. Rélùwéè nìkan ló máa ń fún èèyàn láyè. Á dúró, á mí, á fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan, á tún dúró. Ìyá mi sìn mí wá sí ibùdókọ̀ nígbà tí mo ń lọ sí yunifásítì. Ó dúró lábẹ́ fèrèsé, ó kàn ń tún kọ́là ẹ̀wù mi ṣe. Ìgbà tí ọkọ̀ gbéra ló rántí ohun tó fẹ́ sọ. Mo rí ẹnu rẹ̀ tó ń mì, ṣùgbọ́n ariwo ẹ́ńjìnì bò ó. Nígbà tí mo bi í ní ìsinmi ọdún, ó ní òun ò rántí mọ́.

Ọ̀gá náà wá lóòótọ́, ní ọjọ́ Ìsinmi kan tí ìkùukùu ti ń ṣú. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ọ́fíìsì, ó wọ kóòtù, dírẹ́bà rẹ̀ ń tẹ̀ lé e. Ó yọjú sínú kóòṣì. Ìyá arúgbó kan àti tọkọtaya àgbàlagbà kan ló wà níbẹ̀.

"Èrò dà?" ló wí.

Bàbá Awakọ̀ ní, "Àwọn nìyẹn, sà."

"Gbogbo àwọn tó wà níta yìí ńkọ́?"

"Wọ́n wá sin èrò sọ́nà ni."

Ọ̀gá wo pèpéle, ó tún wo kóòṣì. "Bàbá, iye èèyàn tó wọ ọkọ̀ la fi ń mọ̀ bóyá ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe iye tó dúró níta. Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn ní ọ́fíìsì?"

N kò rí Bàbá Awakọ̀ bẹ̀bẹ̀ rí. Kò bẹ̀bẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó kàn nu ọwọ́, ó ṣí ilẹ̀kùn kóòṣì sílẹ̀, ó ní, "Ẹ wọlé, sà. Ẹ lọ kí ẹ bọ̀, kí ẹ tó sọ nǹkan kan fún wọn."

Ọ̀gá wọlé, ó jókòó sẹ́bàá fèrèsé. Ìyá Àgbà, tí kò pa ọjọ́ Ìsinmi kan jẹ mọ́ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti wọ ọkọ̀, kọjá lábẹ́ fèrèsé náà, ó sì dúró.

"Ẹ kú ìrìn o. Àwọn wo ló wá sìn yín?"

"Kò sẹ́ni kankan, mà," ni ọ̀gá wí. "Iṣẹ́ ni mo bá wá."

"Kò sẹ́ni kankan?"

"Kò sẹ́ni."

Ojú Ìyá Àgbà yí padà bí ẹni tó gbọ́ pé wọn kò fún ọmọ lóúnjẹ. Ó yíjú sí pèpéle. "Ẹ wá o, ẹ wá bá mi sin ọ̀gá yìí. Ó dá wá." Wọ́n wá. Ẹnì kan fún un ní ọsàn, ẹnì kan fún un ní ẹ̀pà, ẹnì kan bi í bóyá ó ti jẹun. Wọ́n bi í nípa àwọn ọmọ rẹ̀. Ìyá Àgbà gbàdúrà fún un gígùn, ó fi ìyàwó rẹ̀ sí i, ó fi àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ sí i. Ọ̀gá náà gbìyànjú láti máa wo iwájú. Nígbà tí fèrè dún tí wọ́n sì ń ju ọwọ́, mo rí i tó yọ ọwọ́ rẹ̀ jáde lójú fèrèsé díẹ̀, tó sì jù ú padà.

Wọ́n dúró dè é. Nígbà tó dé, wọ́n gba kóòtù tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní ẹ kú àbọ̀. Ó kọjá lára Bàbá Awakọ̀. Ó lọ bá Àǹtí.

"Èló ni ti pèpéle? Mo fẹ́ san ti dírẹ́bà mi."

Àǹtí ní, "Ó ti san án, sà. Mi ò jẹ́ kó wọlé lọ́fẹ̀ẹ́."

Lẹ́tà tí ọ̀gá náà fi ránṣẹ́ sí wa lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kì í ṣe ohun tí a retí. Wọn ò ní gé e. Ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ fẹ ọ̀nà, wọ́n sì nílò ilẹ̀ irin ẹ̀gbẹ́ náà. Wọ́n á gbé ẹ́ńjìnì náà lọ sí yáàdì kan ní ìlú kan lókè, níbi tí òrùlé wà, kí àwọn èèyàn lè máa wá wò ó níbẹ̀. Èmi ni mo kà á fún Bàbá Awakọ̀. Ó ní kí n tún un kà.

"Wọn ò ní gé e?"

"Wọn ò ní gé e, sà."

"Ó dáa." Ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Òun ló wà á lọ. Àǹtí kò ta tíkẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ náà, ó dúró láàárín àwọn èèyàn bíi tiwọn. A ò tíì ní èrò tó bẹ́ẹ̀ rí lórí pèpéle wa, kò sì sẹ́nì kan nínú kóòṣì. Bàbá Awakọ̀ ti sọ pé òun á wọ ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì padà ní ìrọ̀lẹ́, nítorí náà wọ́n dúró dè é bó ṣe mọ́ wọn lára. Ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì kọjá. Bàbá Awakọ̀ kò sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀, wọ́n kó sábẹ́ òrùlé ibi tí a ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n ṣì dúró díẹ̀ sí i.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mélòó kan nínú wọn tún wá. Awakọ̀ kan tó ń wa dísẹ́ẹ̀lì, tó mọ Bàbá Awakọ̀ dáadáa, dúró jíṣẹ́ fún wa. Ó ní bàbá náà ti gba yàrá sí ẹ̀bá yáàdì, ara rẹ̀ le, abẹ́ òrùlé ni ẹ́ńjìnì wà, òjò kò pa á. Ó ní bàbá náà ní kí a má wulẹ̀ dúró de òun mọ́.

Ìyá Àgbà gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán.

"Ta ló ń se oúnjẹ fún un níbẹ̀?" ló bi í.

Awakọ̀ náà ní òun ò mọ̀.